Oríkì Ni Bàbá Àkànmú Fi Ń Ya Fótò

Bí ẹ bá gbé kámẹ́rà àtijọ́ tó ti bàjẹ́ wá fún Bàbá Àkànmú, wọn kì í kọ́kọ́ wò ó. Etí ni wọ́n máa ń gbé e sí. Wọ́n á yí i sí ibi tí ojú rẹ̀ ti máa ń pẹ́ kó tó pa dé, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì, wọ́n á wá dákẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti yàrá kejì. Bí ara kámẹ́rà náà bá yá, inú rẹ̀ á kùn wìì, á dún ká, ó tán. Bí òróró inú rẹ̀ bá ti gan, á kùn dé ìdajì, á dákẹ́. Nígbà kan, mo fẹ́ sọ èrò tèmi kí kíkùn náà tó tán. Bàbá gbé ọwọ́ kan sókè láìwò mí.

"Àlàó," ni wọ́n wí, "jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ná."

Wọ́n ti lọ báyìí. Nínú òtútù tó kọjá yìí, wọ́n kí ìrun Àsùbáà tán, wọ́n ní àwọn fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, wọn ò sì jí mọ́. Ẹbí ní kí n kọ nǹkan tí a máa kà níbi àdúrà ogójì ọjọ́, nítorí pé èmi ni mo lọ sí yunifásítì láyé ìgbà tí wọ́n ṣì ń fi irú ìyẹn yangàn nílé wa. Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìlú tí wọ́n ti bí wọn, dé orí ilé-ẹ̀kọ́, dé orí ọkọ̀ òfuurufú. Nígbà tí mo ka ohun tí mo kọ, ẹni tí mo rí níbẹ̀ kì í ṣe Bàbá Àkànmú. Mo fa ìwé náà ya. Ohun tí mo rántí ni mo fẹ́ kọ, bó bá ṣe ń wá.

Àbúrò bàbá-bàbá mi ni wọ́n, àbígbẹ̀yìn ilé. Nígbà tí wọ́n fi máa bí wọn, bàbá-bàbá mi ti láya nílé. Ìdí nìyẹn tí èmi tí irun orí mi ti funfun yìí fi ní bàbá àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Nílé tiwa, a kì í ya àbúrò bàbá àgbà sọ́tọ̀ lára bàbá àgbà. Bàbá ni gbogbo wọn.

Mẹkáníìkì bọ́ọ̀sì ni wọ́n nílùú Lọ́ńdọ̀nù títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Kámẹ́rà kì í ṣe iṣẹ́ wọn. Ìfẹ́ wọn ni. Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, wọ́n á wọ kóòtù, wọ́n á lọ sí ibi tí àwọn òyìnbó ti ń ta ẹrù àlòkù láti inú bùùtù mọ́tò, wọ́n á sì gbé kámẹ́rà tí kò sọ̀rọ̀ mọ́ wá sí fúláàtì wọn lẹ́yìn Rye Lane ní Peckham. Tábìlì oúnjẹ ni wọ́n ti ń tú u. Wọ́n á tẹ́ aṣọ funfun kalẹ̀ kí àwọn ìdè kéékèèké má baà sá lọ, wọ́n á sì to ohun tí wọ́n bá tú kalẹ̀ ní ìlà kan bó ṣe ń jáde, kí wọ́n lè dá a padà láti ẹ̀yìn wá. Bó bá ti dáa tán, wọ́n á fi fíìmù sí i, wọ́n á máa fi ya àwọn èèyàn. Wọn kì í tà á. Mo bi wọ́n nígbà kan pé kí ni wọ́n rí nínú àwọn nǹkan àtijọ́ yìí nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo ayé.

"Fóònù ò ní kí n dúró," ni wọ́n dáhùn. "Èyí ní kí n dúró."

Ìjà tó tóbi jù láàárín àwọn àti ìyàwó wọn, Màmá Aláàjà, ìjà àrán ni. Ẹ̀yìn kámẹ́rà àtijọ́ ní nǹkan rírọ̀ dúdú kan létí tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé ba fíìmù jẹ́. Bó bá ti gbó, á máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí ọ̀dà, a gbọ́dọ̀ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Bàbá rí àrán dúdú kan nínú àpótí Màmá Aláàjà, èyí tí Màmá ti tọ́jú fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì rọra gé etí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Bí wọ́n ṣe ń gé e lọ nìyẹn, kámẹ́rà dé kámẹ́rà, títí di àárọ̀ ọjọ́ tí Màmá fẹ́ wé àrán náà lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Catford. Mo wà níbẹ̀. Màmá nà án sókè níwájú fèrèsé.

"Àlájì, eku wo ló ní sísọ́ọ̀sì nínú ilé yìí?"

"Ìmọ́lẹ̀ kì í gba inú àrán kọjá," ni Bàbá wí, bí ẹni pé ohun tí wọ́n bi wọ́n nìyẹn.

"Mo gbọ́. Ojú gbogbo obìnrin Catford ló máa gba inú ihò yìí kọjá lónìí."

Bàbá ò bá wọn jà. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n lọ ra àrán mìíràn ní Rye Lane, èyí tó dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Màmá Aláàjà wé e mọ́rí, ó yẹ wọ́n, wọ́n sì yí ojú sí ọkọ wọn. "Ẹ wò ó dáadáa, Àlájì," ni wọ́n wí. "Èyí ò ní etí."

Ìjà mìíràn wà tí wọ́n ń bá arákùnrin kan jà ní mọ́ṣáláṣí. Ìjà pẹ̀lẹ́ ni, ìjà àwọn tó fẹ́ràn ara wọn. Arákùnrin yìí gbà pé kò yẹ kí mùsùlùmí máa ya àwòrán ènìyàn, gbogbo ìgbà tí a bá ti ń wọ bàtà lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ló sì máa ń rán Bàbá létí. Bàbá á dáhùn pé, "N ò dá ojú kankan o. Ojú tí Ọlọ́run dá ló ń rán ìmọ́lẹ̀ wá, èmi kàn ń ṣílẹ̀kùn fún un ni." Arákùnrin náà á ní ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn fún olè, òun náà jalè. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á túká. Ọdún lọ, ọdún bọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, a gbọ́ tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Arákùnrin náà ni, ó gbé àkọ́bí ọmọ-ọmọ rẹ̀ dání nínú ṣọ́ọ̀lù, kò sì lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Bàbá kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n kàn nawọ́ gba ọmọ náà.

"Wọlé," ni wọ́n wí. "Ilẹ̀kùn ni iṣẹ́ mi."

Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ mọ́ wọn ni oríkì. Bàbá kì í ka ení, èjì, ẹ̀ta, wọn kì í sì í ní kí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbà pé ojú tí èèyàn ń gbé síwájú kámẹ́rà, ojú àwọ̀sóde ni, pé ojú ilé wà lábẹ́ rẹ̀, orúkọ tí ìyá fi ń kẹ́ èèyàn nígbà tó wà lọ́mọdé nìkan ló sì lè pè é jáde. Wọ́n á gbé kámẹ́rà sójú, wọ́n á dúró, wọ́n á wá pè ọ́: Àjàní. Àmọ̀kẹ́. Ojú rẹ á tú. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Nítorí náà, ẹni tí kò bá ní oríkì kò lè jókòó síwájú wọn. Rọ́fíà, ọmọ-ọmọ wọn tí wọ́n bí sí Peckham, dé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú báàgì ilé-ẹ̀kọ́ léjìká.

"Grandpa, ẹ snap mi kíá, mo ti ń late."

"Kí ni oríkì rẹ?"

"Mi ò ní. Mummy ò fún mi ní one."

"Pe ìyá rẹ lórí fóònù."

Ìyá Rọ́fíà ò rántí. Ó ní kí àwọn pe àǹtí òun nílé. Àǹtí náà ò gbé fóònù. Rọ́fíà ń wo aago, Bàbá ń nu léǹsì bí ẹni tí kò níbì kan tó ń lọ. Nígbà tí àǹtí pè padà, ó ní ṣe bí Àdùnní ni, Àdùnní ni ìyá àgbà pè é lọ́jọ́ ìkómọ. Bàbá gbé kámẹ́rà sókè, wọ́n sì pè é. Ọmọbìnrin tó ti ń yọ bàtà kan wọ bàtà kan láti wákàtí kan dúró jẹ́ẹ́.

"Ta ló ni name yẹn?" ló bi wọ́n nígbà tí wọ́n ti yà á tán.

"Ìwọ ni," ni Bàbá wí. "Ó ti ń retí rẹ nílé láti ọjọ́ tí a ti bí ọ."

Òkìkí oríkì yìí ló gbé Aunty Síkírá wá. Obìnrin kan ni tó ń gbé ní Stockwell, ó lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣe. Ìyá tirẹ̀ náà ti darúgbó, àrùn ìgbàgbé sì ti mú wọn. Aunty Síkírá ń wẹ̀ wọ́n, ó ń fún wọn lóúnjẹ, ṣùgbọ́n "nọ́ọ̀sì" ni wọ́n ń pè é, wọn kì í sì í wò ó lójú. Ó jókòó sórí àga Màmá Aláàjà pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn.

"Bàbá, fótò ìyá mi pọ̀ nílé," ló wí. "Èyí tí mo fẹ́ ni ibi tí wọ́n ti ń wò mí bí ẹni tó mọ̀ mí. Ẹyọ kan péré. Kí n lè rí i lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n bá lọ."

Bàbá bi í ní oríkì ìyá rẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n. Gbogbo ẹni tó ń fi oríkì pe ìyá rẹ̀ ló ti kú tán.

Èmi ni mo tẹ̀ lé Bàbá lọ sí Stockwell. Kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó yẹ kí n ṣàlàyé nǹkan kan. Bí èèyàn bá fi fíìmù sínú irú kámẹ́rà yìí, ó gbọ́dọ̀ ki ẹnu fíìmù náà bọ inú ihò ọ̀pá tó máa ká a. Orí roboto kékeré kan wà lókè lápá òsì tó máa ń yí bí fíìmù bá ń lọ dáadáa. Bí kò bá yí, òfìfo lò ń yà. Bàbá ti fi èyí kọ́ gbogbo wa títí ó fi sú wa: "Wo orí roboto kí o tó wo ojú èèyàn."

Àmọ́ a wọ yàrá, ìyá àgbà jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Bàbá ò mọ̀ bóyá àwọn ni wọ́n ju ìyá náà lọ tàbí ìyá náà ló jù wọ́n lọ. Ẹni tí Bàbá ò bá mọ ọjọ́ orí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ni wọ́n máa ń fi í ṣe. Wọ́n tẹrí ba, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn: ẹ kú ilé, ẹ kú òtútù, ẹ kú ìsinmi, ṣé ara ń le, ṣé oorun ń dùn. Kò sí ìdáhùn, Bàbá ò sì dá ìkíni dúró. Fíìmù ń wọ kámẹ́rà lábẹ́ ọwọ́ wọn ní gbogbo ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n ojú wọn kò kúrò lára ìyá àgbà. Wọn ò lè máa kí àgbà kí ojú wọn wà lára irin.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé àga súnmọ́ ọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi jì mí. Mo fẹ́ pè yín. Ẹnu ìyá tó bí yín ni mo yá lò." Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń dúró láàárín orúkọ kan àti èkejì. "Àbẹ̀kẹ́." Ìyá àgbà ń wo fèrèsé. "Àjọkẹ́. Àlàkẹ́. Àwẹ̀ró." Aunty Síkírá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó di ọwọ́ méjèèjì pọ̀. "Àṣàkẹ́. Àrìnpé." Mo ti ń wo ilẹ̀ nígbà tí wọ́n wí pé, "Àsàbí."

Ìyá àgbà yí orí padà. "Ta ní ń pè mí?"

Bàbá tẹ orí sí Aunty Síkírá. "Pè wọ́n."

"Bàbá, èmi? Kí n pe ìyá mi ní Àsàbí? Ẹnu ọmọ kọ́."

"Kì í ṣe ẹnu rẹ. Ẹnu ìyá wọn náà ni kí o yá. Ó ti wà nílẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lò ó tán ni."

Aunty Síkírá kúnlẹ̀. "Àsàbí," ló wí.

Ìyá àgbà wo ojú rẹ̀, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e lẹ́rẹ̀kẹ́. "Síkírá," ni wọ́n wí, "o ti jẹun?"

Mo gbọ́ tí kámẹ́rà dún ká, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Kó tó pẹ́, ìyá àgbà ti padà sí fèrèsé.

Nígbà tí a délé, Bàbá jókòó sídìí tábìlì láti ká fíìmù náà padà. Wọ́n fi ìka méjì yí orí roboto, ó yí fẹ́ẹ́, kò fa nǹkan kan. Wọ́n tún yí i. Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò lára rẹ̀. Èmi náà ti mọ̀. Ẹnu fíìmù ò bọ́ sínú ihò. Kò sí àwòrán kankan níbẹ̀.

Màmá Aláàjà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ sọ fún un pé fíìmù ló bàjẹ́. Irọ́ kọ́ nìyẹn. Fíìmù kì í bàjẹ́ ni?"

"Fíìmù ò bàjẹ́," ni Bàbá wí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, a padà sí Stockwell. Aunty Síkírá ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ń wo ọwọ́ wa bóyá a mú fótò dání. Bàbá wọlé, wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sórí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo gbọ́ tí orúnkún wọn dún.

"Bàbá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bí irú mi."

"Orí roboto yẹn ò yí," ni wọ́n wí láti ilẹ̀. "Mi ò wò ó. Kò sí àwòrán, ọmọ mi. Ọwọ́ mi ló ti wá."

Aunty Síkírá bá mi gbé wọn dìde. Kò sunkún. Ó jókòó, ó ń fi ọwọ́ ra orúnkún. "Wọn ò tíì pè mí mọ́ láti àná," ló wí níkẹyìn. "Mo pe Àsàbí títí, wọn ò dáhùn. Ẹ máa lọ ilé, Bàbá." Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

Nínú bọ́ọ̀sì, mo sọ fún Bàbá pé Aunty Síkírá ti rí ojú ìyá rẹ̀, ìyẹn ṣáà ju fótò lọ. Wọ́n yíjú sí mi.

"Má fi ohun tí kò bèèrè tù ú nínú," ni wọ́n wí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé kámẹ́rà kan jáde tí wọn kì í yá ẹnikẹ́ni, títí kan èmi tí mo ti ń bẹ̀ wọ́n láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n gbé e lọ fún Aunty Síkírá. Ó jẹ́ kí a wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rẹ́rìn-ín.

"Mo ti rò ó," ni Bàbá wí fún un. "Èmi ni mo di kámẹ́rà mú lọ́jọ́ yẹn, mo sì fi ìwọ sí ẹ̀gbẹ́. Bí ìyá rẹ bá wo kámẹ́rà, ẹni tó dì í mú ni wọ́n ń wò. Ìwọ ló yẹ kó wà níbẹ̀."

Wọ́n sì kọ́ ọ. Gbogbo Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àyìlà, a máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Stockwell. Wọ́n kọ́ ọ bí a ṣe ń wo ìmọ́lẹ̀ lára ògiri, bí a ṣe ń di èémí mú, bí a ṣe ń wo orí roboto. Aunty Síkírá á gbé kámẹ́rà sójú, á pe Àsàbí láti ẹ̀yìn rẹ̀, Bàbá á jókòó sí ẹ̀gbẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìyá àgbà kì í kọbi ara sí i. Nígbà mìíràn, wọ́n á mi orí. Aunty Síkírá á tẹ̀ ẹ́ yálà wọ́n dáhùn tàbí wọn ò dáhùn, kò sì mọ ohun tó rí, nítorí inú irú kámẹ́rà yẹn á ṣókùnkùn ní kété tí a bá tẹ̀ ẹ́. "Bàbá, mi ò rí nǹkan kan," á wí. Bàbá á ní, "Ìwọ kọ́ ló yẹ kó rí. Fíìmù ni." Fíìmù náà kò tíì tán nígbà tí Bàbá lọ.

Aunty Síkírá gbé kámẹ́rà náà wá síbi fídáù ọjọ́ kẹjọ, nínú ìborùn bí ọmọ tuntun. Ó ní ìyá òun kì í sọ̀rọ̀ rárá mọ́ báyìí. Ó ní orí roboto yẹn ń yí o, òun ń wò ó, ṣùgbọ́n òun ò mọ̀ bóyá nǹkan kan wà níbẹ̀. Kò wò mí nígbà tó ń nà án sí mi.

Mo fọ fíìmù náà ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nínú bálùwẹ̀ Bàbá, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo ki ọwọ́ bọ inú àpò dúdú tí ìmọ́lẹ̀ kì í wọ̀, mo yọ fíìmù náà, mo ká a sínú agolo rẹ̀, mo da omi oògùn sí i. Màmá Aláàjà tó ń ṣe opó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti ń ráhùn nípa òórùn omi yẹn láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n kàn ń mí i símú. "Fi omi ṣàn án dáadáa," ni wọ́n wí. "Àlájì máa ń fi omi ṣàn án pẹ́."

Mo fà á jáde, ó ń kán, mo gbé e sí fèrèsé. Àwòrán àkọ́kọ́, orúnkún ni. Èkejì, àjà ilé. Òmíràn ṣókùnkùn, òmíràn rú. Ìyá àgbà tó ń wo ìta. Ìyá àgbà tó ń sùn. Mo ń fà á lọ títí mo fi dé ọ̀kan ní apá ìparí, mo dúró.

Lára fíìmù, ohun tó bá funfun ló máa ń dúdú. Eyín ìyá àgbà dúdú kirikiri, ìyókù díẹ̀ tó wà lẹ́nu wọn. Ojú wọn méjèèjì wo iwájú gan-an, wọ́n ti tẹ̀ síwájú lórí àga bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan. Ní igun àwòrán náà, ọwọ́ arúgbó ọkùnrin kan wọlé díẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, bí a ṣe ń ṣe fún ọmọ tó ń kọ́ ìrìn.

Màmá Aláàjà wò ó, wọ́n mọ ọwọ́ náà. Wọ́n lọ mú pẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń sá aṣọ wá láti fi so fíìmù náà kọ́.

Mo pe Aunty Síkírá. Ó wà nínú bọ́ọ̀sì, ó ń lọ sí shift.

"Uncle, ṣé ó jáde?"

"Ó jáde," ni mo wí. "Wọ́n ń wò yín."

Mo gbọ́ ariwo bọ́ọ̀sì, mo gbọ́ àwọn ọmọ tó ń ṣeré lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "ẹ tún un sọ."

Mo tún un sọ.